Àkùkọ Abẹ́ Àga

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Adìẹ ló kù tó ń sìn lẹ́yìnkùlé, àwọn adìẹ pupa kan tí ìyẹ́ bo ẹsẹ̀ wọn dé ọmọ ìka. Ó máa ń ṣa akọ tó dára fún abo tó dára, kí irú wọn má bàa bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í bá ẹyin dúnàádúrà: bó bá ti pamọ, ìdajì akọ ni. Wọ́n ń du abo rà lọ́wọ́ rẹ̀. Àkùkọ ńkọ́? Bó bá fi tọrẹ pàápàá, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun, Mà, tiwa ò tíì tán."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni tẹ́lẹ̀, aláwàdà tí ń pa gbogbo gáréèjì lẹ́rìn-ín, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gbé apá ọ̀tún àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Orí àga lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń wà láti àárọ̀, kì í sọ ju "hẹn" àti "rárá" lọ. Ọ̀kan nínú àwọn àkùkọ náà, arọ tí àwọn yòókù ń lé nídìí oúnjẹ, ló wá sá sábẹ́ àga yẹn. Ẹ̀gbọ́n rún búrẹ́dì fún un. Nígbà tó yá, ẹyẹ náà ń fò lé e lórúnkún. Lọ́jọ́ kan Aránṣọ gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń sọ fún un pé, "Ọ̀gá, jẹun." Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ó sunkún ayọ̀.

Bí àwọn àkùkọ ti ń dàgbà ni ìjọ̀ngbọ̀n ń dàgbà. Wọ́n ń jà, ògbe orí wọn ń ya, wọ́n ń gun àwọn abo títí ẹ̀yìn wọn fi pá. Nọ́ọ̀sì tí ilé rẹ̀ fara ti ọgbà yọjú lójú fèrèsé.

"Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ibi iṣẹ́ ni mo wà mọ́jú. Àwọn akọrin yín ò jẹ́ n fojú kan oorun!"

"Má bínú, ọmọ mi. Mo ń ro ohun tí màá ṣe sí wọn ni."

Ó sì ń rò ó lóòótọ́. Ó ní kóun kọ́ ilé mìíràn fún àwọn akọ nìkan. Pákó wà, agbára ni kò sí. Ó ní kóun máa pa wọ́n ní kékeré kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n kọ; àánú ò jẹ́. Ó ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó bá àgbébọ̀ tó fẹ́ràn jù nílẹ̀, ó ti kú, ẹ̀yìn rẹ̀ ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Inú bí i gidigidi. Ó ránṣẹ́ pe alápatà.

"Èwo ni kí n fi sílẹ̀, Màámi?"

"Èyí tó ga jù yẹn, tí ìrù rẹ̀ ń dán. Kó gbogbo ìyókù."

"Àti arọ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n wà nínú ilé, kò tíì jí. Aránṣọ wo ẹyẹ náà. Ó mọ ẹni tó ni ín. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì ń ru, ó sì wí fún ara rẹ̀ pé adìẹ ò kúkú ju adìẹ lọ, òun á fi òmíràn rọ́pò.

"Mo ní kó o kó gbogbo ìyókù."

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jáde, ó rún búrẹ́dì sí ọwọ́ òsì, ó nà án sísàlẹ̀ àga. Ó dúró. Kò ká ọwọ́ náà kò. Aránṣọ ò lè wò ó. Ó sáré gba ilé alápatà lọ, ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ìkejì ò wọ̀.

"Arọ yẹn, ṣé ó ṣì wà?"

Alápatà ń nu ọ̀bẹ. "Háà, Màámi, òun ni mo kọ́kọ́ mú. Kò sá, kò jà. Ṣe ló ń tẹ̀lé mi."

Aránṣọ padà délé, ó kúnlẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ foríjì mí. Èmi ni mo ní kí wọ́n mú un lọ."

Ọkùnrin náà wò ó pẹ́. Ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kiri. Nígbẹ̀yìn ó ní, "O ò... bi mí."

Aránṣọ mú òròmọdìẹ mìíràn wá fún un lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kàn án lórí, ó sì dá a padà. Láti ìgbà náà, bí àwọn ọmọ adìẹ bá ti ń fi hàn pé akọ ni wọ́n, Aránṣọ á kó wọn sínú agbọ̀n, á gbé wọn lọ síwájú Ẹ̀gbọ́n kó tó pe alápatà.

"Bọ̀dá mi, èwo la ó dá sí níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n á wo inú agbọ̀n, á ní, "Hẹn." Aránṣọ ò mọ èyí tó ń sọ. Á dúró díẹ̀ sí i, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò tún sọ nǹkan.