Irin Tí Josiah Ń Bu Omi Sí

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín: Josiah Ọlọ́runṣọlá ti Kàbà kò bọ Ògún rí. Àbúrò rẹ̀ ni mí, mo mọ̀ ọ́n délé dóko. Kàdúná ló ti kọ́ṣẹ́ rédíò kó tó padà wálé ní 1954.

Ìyàwó rẹ̀, Theresa, ló máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí àìsàn àyà dé, ohùn rẹ̀ kò kọjá bẹ́ǹṣì iwájú mọ́, àwọn àgbà ìjọ sì fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ ní Àjíǹde. Josiah bá fi àlòkù rédíò ṣe ẹ̀rọ tí yóò gbé ohùn ìyàwó rẹ̀ sókè. Ẹ̀rọ náà gbé ohùn lóòótọ́, àmọ́ kíkùn rẹ̀ bo ohùn mọ́lẹ̀. Hùùù, bí ilé oyin! Theresa kọrin, oyin nìkan la gbọ́. Ó sunkún délé.

Josiah kò sinmi. Ó lọ́ àwọn wáyà tó ń gbé iná lọ sídìí fáàfù, àwọn gíláàsì tó máa ń pọ́n nínú ẹ̀rọ, mọ́ ara wọn bí irun dídì. Ó dín díẹ̀. Ó gbé tiránsífọ́mà kékeré inú ẹ̀rọ jìnnà sí wáyà máíìkì. Ó tún dín. Níkẹyìn, ó gbá ọ̀pá irin kan wọlẹ̀ lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi wáyà so ó mọ́ ara ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Ó ní iná tó ń jò lára ẹ̀rọ ló ń gba ibẹ̀ wọlẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ, kíkùn á tún bẹ̀rẹ̀. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá ń bu omi oníyọ̀ sídìí irin náà láràárọ̀.

Bàbá Ọlábímtán rí i. Àgbà ìjọ ni, ọmọ alágbẹ̀dẹ. Ọjọ́ tó ṣèrìbọmi ló kó irin tí bàbá rẹ̀ ń bọ dà sódò.

“Okun o, Josiah,” ó kí i. “Kí lo ń bu omi fún?”

“Okun o, Bàbá. Irin tó ń pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ ni. Kò gbọdọ̀ gbẹ.”

Bàbá náà mi orí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ Àjíǹde, Bàbá fa irin náà tu, ó jù ú sígbó, kò sọ fún ẹnì kan. Josiah tan ẹ́ńjìnnì iná, kíkùn bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé ilẹ̀ ló gbẹ, ó gbé kẹ́tùlù, ó jáde. Theresa kò dúró dè é. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹsẹ̀ lásán ló fi dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù, ó di ọrùn máíìkì onírin mú. Iná tí kò rí ọ̀nà ilẹ̀ mọ́ gba ara rẹ̀ kọjá. Ó fẹ́ ju máíìkì sílẹ̀, ọwọ́ kò gbà. Kí Josiah tó sáré pa ẹ́ńjìnnì, Theresa ti kú.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ní irin ló bínú. Èmi nìkan ni Josiah ṣàlàyé fún, inú sì bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

A sin Theresa tán, Bàbá Ọlábímtán dé pẹ̀lú ọ̀pá irin tó lọ wá nínú igbó. Ó gbá a wọlẹ̀ níwájú ilé wa, ó kúnlẹ̀, ó ń bu omi sí i, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Má bínú mọ́,” ló ń sọ fún irin. “Èmi ni mo fà ọ́ tu. Fi àwọn ọmọ Theresa sílẹ̀ fún wa.”

Mo dìde láti sọ ọ́ sí i lójú pé kì í ṣe ìbínú irin, fífà tó fà á tu ló pa Theresa. Josiah dì mí lọ́wọ́ mú.

“Fi Bàbá sílẹ̀,” ó ní. “Bó bá yé wọn, wọn ò ní lè sùn mọ́ láéláé.”