Dádì Lórí Òkìtì Àlìkámà

Lánàá, mo ṣí ike ògì tó ti kan ní kíṣìnì mi ní Stretford, nílùú òyìnbó níbí, òórùn rẹ̀ sì ta sí mi nímú. Irú òórùn yẹn ló wà lóko kan lẹ́yìn ìlú Ashton, níbi tí Dádì mú mi lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje.

Wọ́n máa ń gé àlìkámà tútù níbẹ̀, tewé tọmọ, wọ́n á rún un wẹ́wẹ́, wọ́n á kó o jọ sáàárín ògiri méjì kó lè kan bí ògì, kí màlúù lè rí i jẹ nígbà òtútù. Iṣẹ́ Dádì lọ́jọ́ yẹn ni láti fi tirakítọ̀ gun orí rẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́. Lójú mi, òkìtì náà ga ju ilé wa lọ.

Lójijì, tirakítọ̀ Dádì yọ̀ létí òkìtì lókè. Ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, táyà ńlá kan ń yí nínú afẹ́fẹ́. Mo sáré síwájú.

"Tọ́lá, dúró síbẹ̀! Má sún mọ́ mi!"

Dádì kò pariwo mọ́ mi rí. Mo dúró, ìtọ̀ ń ṣàn sínú bàtà mi. Olóko so ṣéènì mọ́ tirakítọ̀ náà, ó rọra fà á padà.

Nínú mọ́tò, ẹ̀ẹ̀mejì ni kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ Dádì kó tó wọ ihò.

"Dádì, ṣé ẹ̀rù bà yín ni?"

"Òtútù ni," wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ oòrùn ń ràn. "Má sọ fún Mọ́mì o."

Mo ti bímọ kí n tó mọ̀ pé ọjọ́ yẹn ni Dádì kọ́kọ́ wa tirakítọ̀ láyé wọn.

Mi ò sọ fún Mọ́mì. Ṣùgbọ́n títí a fi délé, mo di etí ṣẹ́ẹ̀tì Dádì mú.