Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Wọ́n Wọ Ọkọ̀

Òórùn irun tí iná jó ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ìkòtún. Ṣé o mọ̀ pé bí a bá di irun tán, a máa ń fi iná pa ẹnu àtáṣímẹ́ǹtì kó má baà tú? Òórùn yẹn, tó pò mọ́ ti rìlásà àti ti gọ́tà ẹ̀yìn ọjà, kì í kúrò lára aṣọ mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Mi ò tíì lọ́kọ nígbà náà. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Baruwa, èmi nìkan. Àwọn oníbàárà mi ò tíì pọ̀, nítorí náà mo máa ń tètè dé, kí ẹni tó bá fẹ́ dirun kó tó lọ síbi iṣẹ́ lè bá mi níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onípákó ni. Bẹ́ǹṣì kan wà níta lábẹ́ páànù, ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ń dúró de ara wọn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò, mo bá àwọn ọmọ obìnrin méjì lábẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn. Wọ́n tẹ́ páálí sílẹ̀, wọ́n sùn lé e. Ẹ̀gbọ́n ò lè ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Àbúrò á tó ọdún mẹ́ta. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ta páálí náà kí wọ́n lè dìde, bí gbogbo wa tá a ní ìsọ̀ níbẹ̀ ti máa ń ṣe, àní mo ti gbé ẹsẹ̀ sókè, kí n tó rí i pé wọ́n fi àkísà so ọwọ́ wọn pọ̀. Ọrùn ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mọ́ ọrùn ọwọ́ àbúrò, wọ́n sì ta á ní kókó méjì. Mo rọra sọ ẹsẹ̀ mi kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti lajú, ó ń wò mí.

"Ẹ má bínú, mà. A ti ń lọ."

"Kí lẹ so ọwọ́ yín pọ̀ fún?"

"Kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ tí mo bá sùn."

Ó sọ ọ́ bí àgbàlagbà tó ń sọ pé òun ti ilẹ̀kùn kóun tó sùn. Mo ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ní kí wọ́n wọlé.

Báyìí ni wọ́n ṣe di ará ṣọ́ọ̀bù mi, ṣùgbọ́n bí mo bá tilẹ̀kùn lálẹ́, abẹ́ bẹ́ǹṣì ni wọ́n ń padà sí. Ẹ̀gbọ́n kì í fẹ́ jẹun ọ̀fẹ́. Kí n tó ra ẹ̀kọ àti àkàrà dé, á ti gbá irun ilẹ̀ mọ́, á ti pọn omi. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, àbúrò ni yóò kọ́kọ́ jẹ, òun á máa wò ó lẹ́nu títí á fi yó. Díẹ̀díẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ ara wọn fún mi, kì í sì í tún un sọ. Ìyá wọn kú ní Ìgando lẹ́yìn àìsàn. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, kò padà wá mọ́. Nígbà tó yá, onílé gba yàrá rẹ̀, àwọn méjèèjì sì fẹsẹ̀ rìn títí wọ́n fi dé Ìkòtún, torí pé ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí.

Lọ́jọ́ kan tí kò sí oníbàárà, mo tú irun orí ẹ̀gbọ́n. Iná orí kún inú rẹ̀, egbò sì wà ní ìpàkọ́. Mo fọ̀ ọ́, mo fi òróró sí i, mo wá di ṣúkú fún un. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di tiẹ̀ bíi tèmi. Kí àwọn èèyàn lè mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá." Irun àbúrò ò gùn, ó sì pariwo débi tí ìyá tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi wá bi mí bóyá mo fẹ́ pa á ni. Ṣùgbọ́n mo di í. Ṣúkú kékeré bíńtín ló yọrí sí, àwọn méjèèjì sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀sán yẹn bíi pé wọ́n ń lọ síbi àṣeyẹ.

Òjò ò dá. Àbúrò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, kò pẹ́ tí èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni tó ń fa nǹkan lórí yẹ̀pẹ̀. Mo pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ̀gbọ́n di aṣọ mi mú lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ṣé ìwọ ni ìyá ẹ̀?" Mo ní àbúrò ìyá rẹ̀ ni mí. Ó fún wa ní oògùn, ó wá fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sọ pé, "Tí ọmọ yìí bá tún sùn nínú òtútù, má wulẹ̀ gbé e padà wá." Mo kó wọn lọ sí yàrá mi ní Baruwa lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọn ò tíì lò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ níbẹ̀. Ìyá onílé pè mí síta ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Kì í ṣe èèyàn burúkú, mo fẹ́ kó o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Òun ló fún wa ní àgbo tí ọmọ náà mu. Ó ní, "Mi ò sọ pé kó o má ṣàánú o. Ṣùgbọ́n tí ọmọ yẹn bá kú sínú ilé yìí, kí la fẹ́ wí fún ọlọ́pàá? Ọmọ ta ni? Ta ló gbé e fún ẹ?" Mo lọ bá pásítọ̀ wa. Ó gbàdúrà fún wọn tọkàntọkàn, àwọn ìyá ìjọ kó ìrẹsì àti aṣọ wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbà wọ́n sílé. Ọ̀kan nínú wọn ló júwe ọ́fíìsì kan fún mi, níbi tí wọ́n ti ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí kò ní alábòójútó.

Obìnrin tí mo bá níbẹ̀ ti ń dàgbà, ó ti rẹ̀ ẹ́ lójú, ṣùgbọ́n ó fetí sílẹ̀. Bó ṣe ń kọ̀wé ló ń sọ pé, "Ohun tó o ṣe dáa gan-an. Ṣùgbọ́n òfin ò ní kéèyàn kàn rí ọmọ ní títì kó sì mú un lọ sílé ara ẹ̀." Ó ní òun fúnra òun máa wá gbé wọn. Wo bí ara ṣe tù mí! Mo ń fò lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń padà bọ̀. Lójú tèmi, gbogbo ẹ̀ ti parí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀, mo wẹ̀ fún wọn, mo tún irun wọn dì, ṣúkú kan náà, mo sì kó wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù. Bọ́ọ̀sì funfun kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n ti pọn àbúrò sẹ́yìn, ó sì dúró gbagidi, kò fẹ́ wọlé.

"Àǹtí, ṣé ibì kan náà ni wọ́n ń gbé àwa méjèèjì lọ?"

"Ibì kan náà ni," ni mo wí. "Ẹ wọlé jàre, ẹ má bẹ̀rù."

Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé ó yẹ kéèyàn béèrè. Ọmọ náà wò mí títí, ó gbà mí gbọ́, ó sì wọ ọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ni obìnrin náà sún mọ́ mi, tó ní kí n mọ̀ pé àwọn tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, ilé tiwọn yàtọ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín wọn níyà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Àwa náà ò fẹ́ pín wọn. Kò sí ibi tó máa gba àwọn méjèèjì pọ̀."

Dírẹ́bà ti ṣáná sọ́kọ̀. Ẹ̀gbọ́n ò gbọ́ ohun tí a ń sọ. Ó yọjú láti ojú fèrèsé, ó juwọ́ sí mi, ó sì rẹ́rìn-ín tí gbogbo eyín rẹ̀ hàn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí eyín rẹ̀. Ǹ bá sáré tẹ̀ lé wọn, ǹ bá lu ara ọkọ̀ náà. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo juwọ́ sí i padà.

Nígbà tí wọ́n gbà kí n wá wo ẹ̀gbọ́n, mo kọ́kọ́ lọ sí ilé àwọn ọmọ kéékèèké. Wọ́n ní tọkọtaya kan ti gba àbúrò láti tọ́ ọ dàgbà, pé èèyàn dáadáa ni wọ́n, pé àwọn ò lè sọ ibi tí wọ́n wà nítorí pé èmi kì í ṣe ẹbí. Mo wá gba ibẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n. Ilé tó mọ́ tónítóní ni, ọmọ náà ti sanra díẹ̀, ó wọ yunifọ́ọ̀mù. Kò kí mi.

"Ẹ ti rí i?"

"Wọ́n ní ara ẹ̀ ti yá. Ikọ́ náà ti lọ."

"Níbo ló wà?"

Mo ní wọn ò sọ ibẹ̀ fún mi. Ó dìde. "Ẹ̀yin lẹ ní ibì kan náà ni." Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ó kàn sọ ọ́ bí ọmọ tó ń ka ẹ̀kọ́ tí tíṣà kọ́ ọ. Ó wọlé lọ.

Mo padà sí ọ́fíìsì yẹn, mi ò mọ iye ìgbà mọ́. Obìnrin náà kọ̀wé pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà máa rí ara wọn, ó tún un kọ. Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ fún mi pé wọ́n ti fún èyí kékeré ní orúkọ mìíràn, omijé sì wà lójú òun náà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn, ẹni tó gba ipò rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ti sá kúrò ní ilé tí wọ́n gbé e sí.

Ó wá bá mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́. Mo ń dirun fún oníbàárà kan lọ́wọ́, mo gbójú sókè, mo rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ga sí i, ètè rẹ̀ ti bó, wọ́n ti fá orí rẹ̀. Ó kí mi, "Àǹtí, ẹ káàsán." Kò wọlé.

"Ṣé ó ṣì ń béèrè mi?"

Ìwọ tó ò ń gbọ́ mi yìí, o mọ ohun tí ẹnu mi fẹ́ sọ. Ó rọrùn, ó dùn, ì bá sì tù ú nínú. Ṣùgbọ́n mo ti sọ irú ẹ̀ fún un rí.

"Mi ò mọ̀," ni mo wí.

Ó mi orí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jókòó, kó jẹ́ ká jọ lọ sílé, mo ní màá bá ìyá onílé jà tó bá pọn dandan. Mo sáré lọ ra ìrẹsì fún un ní ìsọ̀ kejì. Nígbà tí mo fi máa padà, oníbàárà mi nìkan ló wà níbẹ̀, tòun ti irun ààbọ̀ lórí. Ó ní, "Ọmọ yẹn ní kí n bá òun dágbére fún yín." Mo sáré yí ọjà ká, mo bi àwọn oníkẹ̀kẹ́, mo rìn lọ jìnnà lójú ọ̀nà Ìdímù pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Àwọn tí mo sọ ọ́ fún máa ń ní mo ṣe dáadáa, pé ikọ́ yẹn ì bá ti pa èyí kékeré. Òótọ́ ni. Òótọ́ sì ni pé kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀gbọ́n ló ń dáàbò bo àbúrò rẹ̀, kò sì pàdánù rẹ̀ fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mi ò tíì rí bí mo ṣe lè fi òótọ́ kan pa èkejì rẹ́, mo sì ti ń gbìyànjú ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Mo rò pé àánú tó. Àánú ló jẹ́ kí n kánjú.

Mo ti lọ́mọ báyìí, Ẹ̀gbẹ́dá la sì ń gbé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ mi obìnrin lọ sílé ìwé, ó di ọwọ́ mi mú lẹ́nu géètì, ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá mú mi?" Oníbàárà mẹ́ta ló ń dúró dè mí lọ́jọ́ náà. Mo ní, "Mi ò tíì mọ̀. Èmi tàbí dádì ẹ ni." Ó bú sẹ́kún. Ọkọ mi ní irú ìyá wo nìyẹn, kí ló ná mi láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo lóṣòó síbẹ̀ ti ọmọ mi lórí yẹ̀pẹ̀, títí ẹkún rẹ̀ fi dá.