Ta Ni Ó Ń Sún Èèkàn Ìyá Télọ̀?

Ẹni tí ó bá fi ọgbọ̀n ọdún gé aṣọ aláṣọ yóò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín ni inú rẹ̀ mọ́. Ìyá Télọ̀ mọ èyí dáadáa. Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń wọn aṣọ nígbà tí oníbàárà bá gbé e dé. Òun náà ni yóò tún un wọ̀n nígbà tí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá gé e tán. Bí wọ́n bá ní ìfura rẹ̀ ti pọ̀ jù, èsì kan náà ni ó máa ń fún wọn: "Pańsá kò fura, pańsá já iná, àjà kò fura, àjà jìn."

Nígbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ láìlo awò, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó sì padà sí ìgbèríko lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Yàrá méjì ni ìyá àgbà náà ní, lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kan. Bí ìkòkò bá bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn ní ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ìsàlẹ̀ òkè ni yóò ti lọ he é. Ìyá àgbà ti ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì ni ó sì fi kán ọwọ́. Nítorí náà, Ìyá Télọ̀ pinnu pé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, òun yóò sọ iwájú ilé náà di pẹrẹsẹ, kí ìyá òun lè rìn jáde láìdi ẹnikẹ́ni mú.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà, yá a ní katapílà kan, irú èyí tí ó ní garawa fífẹ̀ níwájú, tí ó sì ní apá gígùn lẹ́yìn bí ìrù àkeekèé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ó fi kọ́ ọ bí a ti ń sọ ẹsẹ̀ irin rẹ̀ méjèèjì kalẹ̀ kí a tó walẹ̀, àti bí a ti ń darí apá náà.

"Ìyàwó wa, ẹ rọra o! Èyí kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ."

"Ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ ìyẹn, ẹsẹ̀ náà ni mo fi ń tẹ èyí. Ẹ máa lọ síbi iṣẹ́ yín."

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ilẹ̀ náà dà bí ibi tí ẹlẹ́dẹ̀ méjì ti jà. Ní ọjọ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti ń rọ̀. Ó ri èèkàn mẹ́rin mọ́ àárín òkè níbi tí àgbàlá náà yóò parí sí, ó sì fi téèpù wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ara ògiri. Ó ń wa yẹ̀pẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè, ó sì ń kó o gòkè lọ jọ síwájú ilé.

Bàbá Bíríkìlà, tí ilé rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀, káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò ó.

"Ìyá Télọ̀, ẹsẹ̀ òkè lẹ̀ ń gbẹ́ yìí? Bí ẹ bá gé ẹsẹ̀ ẹni tó dúró, tí ẹ tún gbé ẹrù lé e lórí, ṣé kò ní ṣubú ni?"

"Ẹ ṣé o, bàbá. Ṣé ilẹ̀ yín ni?"

Bàbá náà ti bi ìyá àgbà rí bóyá yóò ta ilẹ̀ náà. Ìyá Télọ̀ kò gbàgbé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó wọn àwọn èèkàn rẹ̀. Gbogbo wọn ti fi ìka mẹ́ta jìnnà sí ògiri ju ti àná lọ. Ó tún wọ̀n wọ́n. Ìka mẹ́ta náà ni. Ó fà wọ́n tu, ó sì tún wọn rì. Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí Bàbá Bíríkìlà tí ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Bàbá! Ẹ fi èèkàn mi sílẹ̀!"

"Èèkàn wo? Bí mo bá máa jalè, ṣé igi gbígbẹ mẹ́rin ni màá jí?"

"Ta ló ń sún wọn, nígbà náà?"

"Ohun tí mo wá wò gan-an nìyẹn."

"Ẹ lọ wò ó nínú ilé yín."

Ìyá àgbà ń gbọ́ wọn láti inú yàrá. "Ọmọ mi," ó ní, "lọ́jọ́ kan, wàá fura sí òjìji ara rẹ."

Kí ó tó wọlé, Ìyá Télọ̀ ku eérú yí èèkàn kọ̀ọ̀kan ká, kí ẹsẹ̀ olè lè hàn. Ó wá so òwú dúdú mọ́ èèkàn kan, ó sì so orí rẹ̀ kejì mọ́ igi ńlá tí ó wà lẹ́bàá òkè.

Ilẹ̀ mọ́. Èèkàn ti sún, òwú sì ti já. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé ọwọ́ òun ti tẹ ọ̀daràn, ṣùgbọ́n kò rí ipa ẹsẹ̀ kankan nínú eérú. Ó wọ awò rẹ̀, ó mú orí òwú náà sójú. Òwú tí a fi àlùmọ́gàjí gé, orí rẹ̀ a máa gún régé. Èyí tínrín bí irun, ó sì tú yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́. A kò gé e. Ohun kan ni ó fà á títí tí ó fi já, ohun náà kò sì tẹ eérú.

Ó gbójú sókè. Láti ẹ̀yìn òkìtì yẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ti lanu gbọọrọ, ó sì ti dé abẹ́ ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀. Òkè náà fúnra rẹ̀ ni ó ń rìn, ó sì gbé àwọn èèkàn dání.

"Bàbá Bíríkìlà! Ẹ gbà mí o!"

Bàbá náà kò béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó gba ẹ̀yìn ilé gòkè, ó pọn ìyá àgbà bí ọmọdé, ó sì gbé e lọ sílé tirẹ̀, tí kò sí lójú ọ̀nà òkè náà. Nígbà tí ó padà, Ìyá Télọ̀ ṣì dúró lójú kan.

"Bàbá, mo pè yín lólè."

"Mo gbọ́. Ẹ gun ẹ̀rọ yín. Yẹ̀pẹ̀ tí ẹ kó gòkè, ẹ kó o padà sí ẹsẹ̀ òkè kí òjò tó rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ gbà o, ẹ má gba àárín!"

Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá náà sì ń nawọ́ síbi tí yóò da yẹ̀pẹ̀ sí. Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà. Ògiri lanu díẹ̀, ìlẹ̀kùn kò sì pa dé dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n yàrá náà dúró. Nígbà tí ojú ọjọ́ mọ́ kedere, Ìyá Télọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, láti òkè ní ọ̀tẹ̀ yìí, ní ìpele-ìpele.

Bí ó ti jókòó sórí ẹ̀rọ náà, ó wo ìsàlẹ̀. Àgbàlá Bàbá Bíríkìlà tẹ́ bí ojú tábìlì. Ìyá rẹ̀ ń rìn níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, òun nìkan, láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ọgbà. Ó dé ibẹ̀, ó yí padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀.