Ewé Ṣáínà Nínú Ìkòkò Àgbo Wa

Òórùn ewé náà ò tíì kúrò nímú mi títí dòní. Ó korò, ó ń ta síni nímú, ó sì máa ń gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa n'Ayétòrò kan láràárọ̀ tí wọ́n bá ti gbé ìkòkò kaná. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí òórùn yẹn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, mi ò sì lè rántí ọkùnrin náà kí n má yínmú.

Ìwọ náà á mọ irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olóṣù n'Ílàró, ó wá kó ṣòkòtò lílọ̀ àti ẹnu tí kì í sinmi padà wálé. Ẹnu dùn-ún-ròfọ́, bó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń kọ ebè, gbogbo ilẹ̀ Yewa ni ì bá ti kọ tán. Lọ́jọ́ kan ó ti Kùtọnu dé pẹ̀lú àpò ewé gbígbẹ kan tí wọ́n kọ Faransé sí lára. Ó ní tisáánì ni, ewé tí àwọn ará Ṣáínà fi ṣẹ́gun ibà. Ó kó wa jọ sábẹ́ igi máńgòrò, ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní nígbà ogun kan lápá ọ̀dọ̀ wọn, ibà ń pa ọmọ ogun bí ẹni pa eṣinṣin, ni wọ́n bá ní káwọn onímọ̀ wá oògùn. Obìnrin kan nínú wọn ń fi iná se ewé yìí títí, kò rí ojútùú, àfìgbà tó ka ìwé àtijọ́ kan tó ní inú omi ni kí wọ́n rẹ ẹ́ sí, kí wọ́n fún omi rẹ̀ jáde, kí wọ́n mu ún. Ìgbà yẹn ló yé e pé iná ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Bí ọkùnrin náà bá dé ibẹ̀, á gbé ìka sókè: "Iná o! Iná ni ọ̀tá ewé yìí!" Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, orí rẹ̀ á wú.

Kò pẹ́ tí ibà fi kọlu àbúrò mi obìnrin, ọmọ tí kò tíì wọ girama. Ìyá mi ní ká gbé e lọ sọ́sibítù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lu àyà: "Kí lo fẹ́ lọ ṣe lọ́sibítù nígbà tí mo wà nílé?" Ó da ewé rẹ̀ sínú ìkòkò àgbo wa, pẹ̀lú koríko ọba, ewé ìbẹ́pẹ àti dóńgóyárò, tí òun náà jẹ́ àlejò láti Íńdíà kó tó di ewé àwọn bàbá wa. Ó wá fi ẹnu ara rẹ̀ ní ká koná mọ́ ọn, kó hó dáadáa. Nílé wa, àgbo ibà tí kò bá hó kì í ṣe àgbo, òun náà ò sì fẹ́ káwọn àgbà ilé fi òun ṣẹ̀sín pé omi tútù lòun ń fún aláìsàn mu. Láràárọ̀ là ń gbé e kaná, à ń bu omi kún un, ọmọ ń mu ún, ara rẹ̀ ń gbóná sí i. Bí àlejò bá sì wá kí i, ọkùnrin náà á máa sọ fún wọn pé iná ni ọ̀tá, ìkòkò á máa hó lẹ́yìn rẹ̀. Àbí o ò rí òmùgọ̀ paraku!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ojú ọmọ náà yí sókè, gìrì gbé e. Ìyá mi ò bi ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé e, ó fò sórí ọ̀kadà, mo tẹ̀lé e. Lọ́sibítù, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí i lára. Nígbà tó lajú, nọ́ọ̀sì sọ fún wa pé láti ara ewé Ṣáínà yẹn gan-an ni wọ́n ti fa oògùn inú abẹ́rẹ́ náà jáde. Ewé ò jẹ̀bi nǹkan kan. Mi ò sì sọ pé bí a bá rẹ ẹ́ sómi tútù ni ì bá ti dáa. Ọmọ tí ibà ti wọ̀ lára tó bẹ́ẹ̀, ọsibítù ló yẹ ẹ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni ọ̀gá wa, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, yọjú. Ojú ò tì í. Bó ṣe gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó kọjú sáwọn aláìsàn tó kù, ó tún bẹ̀rẹ̀: ogun, ibà, obìnrin, ìwé àtijọ́. Ó gbé ìka sókè, "Iná o!"

Ìyá mi kì í gbó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Ó kàn wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ìtàn yìí, ṣé ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ rí?"

Ìka náà ò tètè sọ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnìkan bá ń sọ̀tàn fún mi, tó sì mọ̀ ọ́n sọ, mi kì í wo ẹnu rẹ̀. Mo máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ìkòkò ń hó.