Ọmọ Tí Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé Kọ́

Ọjọ́ tí ẹ̀rọ AI fi ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko kí oníbàárà ni gbogbo Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó gbọ́ orúkọ Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà. Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé òjò àná ò wọlé sí yín?" Ìyá Basheerah, ẹlẹ́ja ní Makoko, ló pè, ó sì dáhùn títí dé orí ọmọ kẹrin. Nígbà tí fóònù fi máa já, ẹ̀rọ ti mọ̀ pé àbíkẹ́yìn ń hu eyín, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé fíríísà ló bàjẹ́.

Táòfíkì, ọ̀gá ilé iṣẹ́, di orí mú. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ kọ fún ẹ̀rọ yìí?"

"Ohun tí ẹ ní kí n kọ náà ni, Ọ̀gá. Ìwé àlàyé."

Fíríìjì àti fíríísà ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀. Ogún ọdún ni Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé fi jókòó ti àkójọ orúkọ oníbàárà, kí ọ̀gá tó ra AI tí yóò máa gba ìpè dípò ènìyàn. Irinṣẹ́ kan wà tí AI náà lè fi tú orúkọ wò nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò mọ ìlò rẹ̀, àfi kí ẹnìkan kọ ọ́ sílẹ̀ fún un: ìgbà tí yóò lò ó, ohun tí yóò béèrè, èsì tí yóò fún ni bí kò bá rí nǹkan. Ta ni wọ́n wá ní kó kọ ìwé náà? Ẹni tí AI fẹ́ gba àga rẹ̀ náà ni.

Fadilah, tí àga rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Ẹ̀gbọ́n, tí yẹ̀yẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń gbẹ́ kòtò ara yín, ẹ tún ń wọ̀n ọ́n kó lè bá yín mu."

"Fadilah, wọ́n ní kí n kọ́ ẹni tó máa gba iṣẹ́ mi. Mo gbà. N ò bímọ láyé mi, ṣùgbọ́n èyí tí mo bá kọ́ ò ní ya aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Ìlà mẹ́wàá ni Jídé, tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà, béèrè. Ojú ewé mọ́kànlélógójì ni Ẹ̀gbọ́n gbé wá. Jídé kà á sókè, ojú rẹ̀ ń pọ́n: "'Abala kẹfà. Má ṣe fi orúkọ nìkan wá ènìyàn ní Mushin. Sìmíátù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló wà níbẹ̀, mẹ́rin nínú wọn ń bá wa jà lọ́wọ́.'"

"Máa kà á lọ," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"'Abala kẹsàn-án. Abiyamọ kì í fi orúkọ tó wà lórí rìsíìtì pe ara rẹ̀. Béèrè orúkọ àkọ́bí rẹ̀.' Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ni o! Kì í ṣe ìyàwó tuntun."

"Ìyàwó tuntun gan-an ni. Òní ló wọlé, kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ilé, ẹ wá ní òun ni kó máa dá àlejò lóhùn."

Abala kejìlá ló dá ìjà sílẹ̀: *Má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni pé kò sí. Sọ pé o kò tíì rí i, kí o sì tún béèrè.*

"Bí kò bá sí, kò sí náà ni!" Táòfíkì ló pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ̀yin lẹ ní kò sí?"

Wọn ò tíì parí ìjà náà tí ẹ̀jẹ̀ ríru fi mú Ẹ̀gbọ́n lọ. Ọjọ́ kẹta ìsìnkú ni ọ̀gá ní kí Fadilah gé ìwé náà kù sí ìlà mẹ́wàá. Ó gé e. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò rí ẹni tó máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀rọ wá yá bí àṣá. Ìyá Basheerah pè, ó ní Ìyá Basheerah ni òun, fíríísà ti tún kú. "Kò sí oníbàárà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ó pè lẹ́ẹ̀kejì. "Kò sí." Lẹ́ẹ̀kẹta, fóònù já mọ́ ọn létí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, ó gbé agbada ẹja jíjẹrà ka orí tábìlì ọ̀gá.

"Èmi rèé, Ọ̀gá. Ẹ gbóòórùn mi dáadáa. Ṣé mo wà, àbí mi ò sí?"

Táòfíkì fi ọwọ́ bo imú. "Fadilah, dá gbogbo abala Ẹ̀gbọ́n padà. Ìkíni nìkan ni kí o gé kúrú."

Ẹja ò padà wá sáyé. Iṣẹ́ náà ò padà sọ́wọ́ ènìyàn: òpin oṣù ni àga Fadilah pàápàá yóò ṣófo. Síbẹ̀, ó dá ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n padà ní ìlà-ìlà, kò fi kọ́mà kan sílẹ̀. Nígbà tó parí, ìwà ìṣẹ̀fẹ̀ rẹ̀ gbé e, ó fẹ́ dán ẹ̀rọ náà wò. Ó tẹ̀ ẹ́ sí i: "Mò ń wá Ẹ̀gbọ́n Ìbíkúnlé."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Mi ò tíì rí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni orúkọ àkọ́bí wọn?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa Fadilah, ó rín in títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wo àga Ẹ̀gbọ́n tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wá dá ẹ̀rọ lóhùn:

"Ìwọ ni."