Igi Ọsàn Tí Màmá Mi Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Gé

Wọ́n gé igi ọsàn aládùúgbò mi lulẹ̀ nígbà tó ṣì ń so. Àárọ̀ àná ni ìgbìmọ̀ àdúgbò wa ní Ayétòrò mú oníṣẹ́ ayùn wá, wọ́n ní ìdí igi náà ti jẹrà, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Bí òórùn igi ọsàn tútù yẹn ṣe gba ojú fèrèsé wọlé ni inú bí mi, tí mo sì rántí ẹ̀yìnkùlé wa ìgbà èwe.

Ìdí ọsàn tiwa ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí. Ibẹ̀ náà ni gbogbo ilé ti ń wẹ̀, nítorí ewé rẹ̀ ń bo ènìyàn láṣìírí. Bí a bá gbálẹ̀ tán, a ó wọ́ pàǹtírí jọ mọ́ ọn nídìí bí ẹni ń da aṣọ bo ọmọ. À ń kẹ́ ẹ ni o! Nígbà tó yá, èèpo rẹ̀ là, oje ń sun jáde, ó ń rùn bí omi pákí.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jẹ́ olórí ilé, ní kí wọ́n gé e. Màmá mi, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní iṣẹ́ ọ̀gbìn, kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, igi ọmọ mi ni. Ẹ jẹ́ kí n tọ́jú ẹ̀."

"Ìyàwó, ṣé wàá fún un lágbo mu ni?"

"Oògùn kòkó ni màá fi kùn ún, sà."

"Ẹ gbọ́ o! Ó fẹ́ kí ọsàn máa so kòkó!"

Ilé bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà yọ̀ǹda fún un. Màmá kó pàǹtírí kúrò, ó lé gbogbo wa lọ wẹ̀ níbòmíràn, ó ní omi ìwẹ̀ àti pàǹtírí ló ń mú ìdí igi náà rà. Ó fi ọ̀bẹ ha èèpo tó ti rà dànù títí ó fi kan ibi tó ṣì tutù, ó jẹ́ kí oòrùn pa á, ó wá po oògùn búlúù tí wọ́n ń fín sí kòkó mọ́ ẹfun, ó kùn ún yípo. Igi wá dà bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ ilé kejì ń bi mí bóyá ọsàn wa ti wọ ilé ìwé.

Òjò ọdún kejì dé, igi náà so débi pé ọ̀pá la fi ti ẹ̀ka rẹ̀. Bàbá Àgbà ló kọ́kọ́ mu ọsàn rẹ̀. Omi ọsàn ń ṣàn lágbọ̀n rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, o borí mi." Màmá jó yí igi náà ká, gbogbo ilé ń gbè é lórin.

Inú ilé la ti ń wẹ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì mọ ibi tí ìwọ́ wọn wà, ṣùgbọ́n omi tó dúró sídìí ọsàn ṣì ń mú un rà, ìtọ́jú sì ṣì ń wò ó sàn. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ̀yin lẹ darí gọ́tà sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò mi. Mo kìlọ̀ fún yín nígbà náà lójú gbogbo ènìyàn. Ta ló fọwọ́ sí gọ́tà yẹn? Ta ló bẹ̀rẹ̀ wo ìdí igi náà kó tó pe ayùn? Ìgbà wo lẹ máa yí omi yẹn padà? Ẹ dá wa lóhùn.